Fáìlì Kejìlélógún

Òjò Klaksvík kì í ti òkè wá,
ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé, bí ẹni tó yọ́ wá wòran.
Rannvá ti ilẹ̀kùn, ó gbé bàtà rẹ̀ sórí bébà,
ó jókòó ti kọ̀ǹpútà tí ń mí bí àgbò tó sáré.

Ohun tó fẹ́ kà kì í ṣe tirẹ̀.
Hanus ló kó o jọ ní ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn:
ẹ̀dọ̀ ẹja sámọ́ńì méjìlélógún,
ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìgò tí kò ju àtàǹpàkò lọ.
Ó ń wá ìdí tí ẹja fi ń rù. Kò rí i.
Ó lọ sí ibi tí a kì í ti í bọ̀,
ó fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ létí fáìlì tó kẹ́yìn:
"Ìdọ̀tí. Ẹ fò ó."

Lẹ́tà mẹ́rin péré ló wà nínú gbogbo ìwé náà:
A, C, G, T.
Mo mọ mẹ́ta nínú wọn láti kékeré.
C ni tíṣà nà mí lé lórí
lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́ sáàárín B àti D.

Ogójì mílíọ̀nù gbólóhùn jíjá,
kò sí èyí tó gùn ju èémí kan lọ.
Ẹ̀rọ ń tò wọ́n, ìrù èyí mọ́ orí ìyẹn.
Èyí tó jẹ́ ti ẹja, ó kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́,
èyí tó jẹ́ ti kòkòrò inú omi, ó kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́,
èyí tó jábọ́ láti ọwọ́ Hanus fúnra rẹ̀,
nítorí ènìyàn a máa jábọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀,
ó kó ìyẹn náà.
Ohun tó ṣẹ́ kù kò ní bàbá, kò ní ìyá.
Ilé ìkówèésí ayé ní: n kò mọ̀ ọ́n.

Rannvá kò béèrè orúkọ mọ́. Ó béèrè ìdúró:
báwo ló ṣe ń ká apá, báwo ló ṣe ń di nǹkan mú?
Ọmọ lè sọ èdè bàbá rẹ̀ nù lókè òkun,
kó má lè sọ ìrìn bàbá rẹ̀ nù.
Aago mẹ́ta òru kọjá díẹ̀, àwòrán dìde lójú gíláàsì:
ọwọ́ kan, ó ká bí ọwọ́ tó di kálàmù mú,
ọwọ́ tí irú wọn fi ń da ara wọn kọ.
"Háà," ni Rannvá wí.
Àgùntàn kan lábẹ́ fèrèsé ló gbọ́.

Adàwékọ tí kì í yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ni.
Ó fẹ́ kọ igbá, ó gbàgbé àmì, ó di igba.
Ọmọ rẹ̀ fi àmì méjì kún igba, ó di ìgbà.
Ọmọ-ọmọ yọ ọ̀kan kúrò, ó di igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ.
Èyí tí kò nítumọ̀ kú sójú ọ̀nà.
Ka àmì tó ṣí nípò, o ti ń ka ọdún nìyẹn.

Rannvá kà á. Ìbátan tó sún mọ́ ọn jù
wà nínú ẹja wẹ́wẹ́ kan ní adágún ilẹ̀ Ṣílè.
Àárín àwọn méjèèjì: ẹgbẹ̀rún ọdún méjìlá,
tàbí ọgọ́ta. Igi ìran tó yà dúró lójú afẹ́fẹ́;
ẹ̀ka rẹ̀ dájú, àbá ni gbòǹgbò.

Ilẹ̀ mọ́, Høgni àbúrò rẹ̀ pè,
ẹni tó ní àgò ẹja mẹ́sàn-án nínú òkun.
"Ṣé ó ń pa wọ́n?"
"N kò mọ̀."
"Kí lo wá mọ̀?"
"Pé ó ti wà lára wọn kí ìdílé wa tó ní ọkọ̀."
Høgni dákẹ́. Ó gbọ́ bí omi ṣe ń lu àgò.
"Ṣé kí n sọ fún àwọn oníbàárà?"

Rannvá kò pa ọ̀rọ̀ Hanus rẹ́.
Ká ní èdè wa ló fi kọ ọ́ ni,
àmì abẹ́ lẹ́tà ni ì bá kù fún un,
ẹ fò ó ì bá di ẹ fọ̀ ọ́.
Ó fi nọ́ńbà sórúkọ nǹkan náà, ó wá bàtà rẹ̀.
Bébà ti lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀.
Høgni ṣì wà lórí fóònù.